Rákẹ́ẹ̀tì Ni Mo Fi Jẹun, Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Castle Green

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti bi mí léèrè ohun tó ṣe èjìká ọ̀tún mi tó fi rẹlẹ̀ ju ti òsì lọ. Àwọn kan rò pé mo ṣubú ni. Àwọn mìíràn ní bóyá mo ru ẹrù wúwo nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Iṣẹ́ tí mo ṣe láyé ló fà á. Tẹ́nìsì ni mo gbá. Mo gbá a láti kékeré títí irun mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Òun ni mo fi jẹun, òun ni mo fi mọ ayé, òun náà ló sì fún mi ní ọ̀rẹ́ kan tí mo kà sí ọmọ ìyá mi.

Mo mọ̀ pé bí àwọn òbí yín bá jókòó lẹ́yìn ìsìn, tí ọ̀rọ̀ bá kan ohun tí ọmọ yóò kọ́, nọ́ọ̀sì, lọ́yà àti kọ̀ǹpútà ni wọ́n máa ń dárúkọ. N kò bá wọn jà. Àwọn iṣẹ́ wọ̀nyẹn dára, àwọn ló sì ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé ní Dagenham, London níbí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀nà tí èmi gbà wọ̀ ọ́.

Adébímpé lorúkọ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Mummy Tennis ni gbogbo yín ń pè mí. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi ló ń fọ aṣọ ní kíláàbù kan tí àwọn òyìnbó dá sílẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílùú. Aṣọ funfun àti táwẹ́ẹ̀lì ló máa ń sá kún ẹ̀yìnkùlé, tí gbogbo ibẹ̀ á funfun báláú. Bí a bá ti jáde nílé ìwé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń lọ. Mo máa ń jókòó sídìí wáyà tí wọ́n fi yí pápá tẹ́nìsì ká, n ó máa wo àwọn dókítà àti àwọn adájọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù lọ tí wọ́n ń gbá a bọ̀.

Ẹni tó ń kọ́ wọn ni Ọ̀gá Ràímì. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í rẹ́rìn-ín lórí pápá. Láti kékeré ló ti ń ṣa bọ́ọ̀lù fún àwọn òyìnbó, ibẹ̀ ló ti fi ojú kọ́ eré náà títí òun fúnra rẹ̀ fi di olùkọ́. Lọ́jọ́ kan, bọ́ọ̀lù kan fo wáyà kọjá, ó ń bọ̀ wá sí orí mi. Mo na ọwọ́ kan, mo hán an, mo sì jù ú padà sí ọwọ́ Ọ̀gá Ràímì gan-an láìdìde. Ó dúró, ó wò mí, ó béèrè ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí n wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n mú ìgbálẹ̀ dání.

Inú mi dùn débi pé n kò ronú sí ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ yẹn. Ìgbà tí mo débẹ̀ ni mo mọ ohun tó ní lọ́kàn. Kí n tó gbá bọ́ọ̀lù, ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbá. Ilẹ̀ pupa ni pápá náà, ó gbọ́dọ̀ tẹ́jú bí ẹní kí oòrùn tó mú. A ó gbá a, a ó wọ́n omi sí i, a ó fa irin róbótó kan tó wúwo kọjá lórí rẹ̀, a ó sì fi ẹfun fa ìlà funfun. Bí ìlà bá wọ́, àtúnṣe ni. Àwa bíi mélòó kan la jọ bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin ló sì pọ̀ jù nínú wa. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, ọ̀pọ̀ wọn ti sá lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ gbígbá parí, mo rò pé yóò fún mi ní rákẹ́ẹ̀tì. Pákó pẹlẹbẹ kan ló fún mi, kò sì fún mi ní bọ́ọ̀lù. Ó ní kí n máa sáré láti ìlà yìí dé ìlà yẹn, kí n dúró, kí n fì pákó náà bí ẹni ń gbá nǹkan, kí n padà. Bí ẹsẹ̀ mi bá pẹ́ díẹ̀, á ní kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló máa ń sọ, ó sì ti wọ̀ mí lára: “Ẹsẹ̀ ló ń gbá tẹ́nìsì. Ọwọ́ kàn ń bá a jíṣẹ́ ni.” Kì í nà wá. Ìyà tirẹ̀ ju pàṣán lọ. Bí o bá ṣe ìmẹ́lẹ́, á ní kí o lọ jókòó sábẹ́ igi, kí o máa wo àwọn tó kù. Mo jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo sunkún dé ilé. N kò jẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ìgbà tó fún mi ní rákẹ́ẹ̀tì àti bọ́ọ̀lù wàyí, ògiri ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí ló ní kí n lọ máa gbá a mọ́. Ògiri kì í rẹ̀, bí o bá ṣe gbá bọ́ọ̀lù fún un ló ṣe ń dá a padà. Fún sáàfù, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ayò, ó gbé garawa kan sí kọ̀rọ̀ pápá, ó ní inú rẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ gbá a sí. Ẹ bi mí bóyá ó rọrùn. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo gbá a títí àwọn tó ń kọjá lójú títì fi mọ ìró garawa náà.

Bàbá mi ni ọ̀ràn wá há sí lọ́wọ́. Kátíkíìsì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò wa. Wọ́n ti sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ obìnrin ń wọ síkẹ́ẹ̀tì kúkúrú sáré láàárín àwọn ọkùnrin. Ó ní ó tó gẹ́ẹ́, kí n lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gá Ràímì wọ aṣọ Jímọ́ọ̀ rẹ̀ wá sílé wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Èmi wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, mo ń gbọ́ wọn. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ yìí kí bàbá mi dáadáa, ó béèrè àlàáfíà ilé, ó wá ní:

“Bàbá Bímpé, mo ti kọ́ ọmọ púpọ̀. Èyí tó pọ̀ nínú wọn, mo tètè rí ibi tí agbára wọn mọ. Ti ọmọ yín yìí, n kò tíì rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wá a dé ibẹ̀.”

Ohun tí bàbá mi wá béèrè ni bóyá síkẹ́ẹ̀tì náà lè dé orúnkún. Ọ̀gá Ràímì ní tẹ́nìsì kò bá gígùn aṣọ jà. Ìyá mi rán an, ó dé orúnkún, ó tún kọjá díẹ̀. Síkẹ́ẹ̀tì gígùn yìí ni mo wọ̀ gba ife-ẹ̀yẹ mi àkọ́kọ́ ní ìdíje ìpínlẹ̀. Àwọn ọmọ Èkó tó wá síbẹ̀ fi mí rẹ́rìn-ín kí a tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a ṣe tán, wọ́n ń béèrè ẹni tó rán an fún mi.

Bí wọ́n ṣe gbà mí sí ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀, tí wọ́n sì wá gbà mí sí ti orílẹ̀-èdè, kò gba àlàyé gígùn. Mo ń borí, wọ́n sì pè mí. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí n rí ọkọ̀ òfuurufú wọ̀ lọ síbi ìdíje tó kàn.

Ìdíje kan ló gbé mi dé Jakarta, ní orílẹ̀-èdè Indonesia. Ọmọ Gánà kan ni èmi àti ẹ̀ fẹ́ jọ gbá dọ́bùlù, ìyẹn ayò tí èèyàn méjì ti ń kojú méjì. Àìsàn dá a dúró nílé. Àwọn tó ń ṣètò ìdíje wá so mí pọ̀ mọ́ ọmọ ilẹ̀ wọn kan tí ẹnì kejì tirẹ̀ náà kò wá. Sari lorúkọ rẹ̀. Kò ga ju èjìká mi lọ. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tó nǹkan, tèmi náà kò fi bẹ́ẹ̀ sàn. A ṣáà wo ara wa, a rẹ́rìn-ín, a wọ pápá. Wọ́n nà wá.

Lẹ́yìn ayò náà, ó mú mi lọ jẹun. Ó bu ata kan tí wọ́n ń pè ní sambal lé ìrẹsì mi, ó sì ń wojú mi bóyá n ó sunkún. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni yóò wá fi ata dán wò! Mo jẹ ẹ́, mo ní kí ó bu sí i. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di tábìlì mú. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń pè mí ní Kakak, ẹ̀gbọ́n ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wọn. A jọ pinnu pé a ó tún gbìyànjú, ní ìlú tó kàn.

A kò ní èdè, nítorí náà a ṣe èdè tiwa. Bí mo bá fẹ́ gbá sáàfù, Sari á dúró níwájú nẹ́ẹ̀tì, á na ìka sẹ́yìn ìdí rẹ̀ kí àwọn ọ̀tá má baà rí i. Ìka kan, kò ní kúrò lójú kan. Ìka méjì, ó ń rékọjá sí apá kejì. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń gbá sáàfù bíi ti inú garawa Ọ̀gá Ràímì. Òun náà kọ́ mi bí a ṣe ń rẹ́ bọ́ọ̀lù nísàlẹ̀, tó fi jẹ́ pé bó bá balẹ̀, kì í fò dìde mọ́, á kàn yọ̀ lọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó tún kọ́ mi bí a ṣe ń wo ewé igi ká tó gbá bọ́ọ̀lù, ká mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Kò pẹ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í borí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Láti ìlú dé ìlú, ní Éṣíà, ní Áfíríkà, wọ́n mọ wá: ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú.

Irinṣẹ́ wa ń yí padà lásìkò yẹn, kò sì dúró mọ́ títí dòní. Igi ni rákẹ́ẹ̀tì tí mo fi bẹ̀rẹ̀. A máa ń dè é mọ́ inú férémù kan kí òjò àti oòrùn má baà mú un wọ́. Ìfun màlúù ni okùn rẹ̀, bí òjò bá pa á, ó bàjẹ́ nìyẹn. Irin tẹ̀ lé igi, lẹ́yìn náà ni kábọ́ọ̀nù dé. Bọ́ọ̀lù tó funfun nígbà èwe mi di aláwọ̀ ìyeyè kí àwọn tó ń wo tẹlifíṣọ̀n lè rí i. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ mú rákẹ́ẹ̀tì kábọ́ọ̀nù lọ sílé, mo gbé e fún Ọ̀gá Ràímì. Ó gbé e lọ́wọ́ ọ̀tún, ó gbé e lọ́wọ́ òsì, ó ní, “Èyí fúyẹ́ bí irọ́.” Ó wá bọ́ sórí pápá pẹ̀lú rẹ̀, ó gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀ mọ́ ògiri. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó bi mí bóyá mo ní òmíràn, nítorí pé èyí kò ní bá mi padà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tí ayé ti fẹ́ yí mọ́ mi lọ́wọ́.

A dé ìpele tó kẹ́yìn ní ìdíje kan ní Jakarta, níbi tí a ti pàdé gan-an. A ń borí lọ. Mo sáré sẹ́yìn lé bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n gbá gba orí mi kọjá. Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí aṣọ tuntun bá fàya, ó sì dà bí ẹni pé ẹnì kan ta mí nípàá lẹ́yìn ẹsẹ̀. Mo ṣubú. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn kí n rí ẹni tó ta mí nípàá. Kò sí ẹnì kankan. Iṣan gìgísẹ̀ mi ló já.

Wọ́n gbé mi dé ọsibítù, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Dókítà náà jẹ́ èèyàn pẹ̀lẹ́. Ó ní n ó rìn, n ó sì gbé ọmọ pọ̀n, ṣùgbọ́n kí n dágbére fún pápá, torí pé bí mo bá tún sáré bí i ti àtijọ́, ó lè já lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn tí a jọ wá láti ilé ní láti padà, èmi kò sì lè wọ ọkọ̀ òfuurufú. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo ń wo òrùlé, mo ń rò ó pé kí ni mo mọ̀ ọ́n ṣe láyé yìí yàtọ̀ sí èyí? N kò kọ́ iṣẹ́ aránṣọ tí bàbá mi wí.

Sari ló wá gbé mi. Kò béèrè lọ́wọ́ mi. Ó mú mi lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Bandung, ìlú olókè kan tó tutù. Ìyá náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan, ṣùgbọ́n ó mọ ẹsẹ̀ í tọ́jú. Ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, á fi òróró àti atalẹ̀ wọ́ ọ fún mi, á máa bá mi sọ̀rọ̀ ní èdè tirẹ̀, èmi náà á máa dá a lóhùn ní Yorùbá. A gbọ́ ara wa yé. Sari fẹ́ fi ìdíje sílẹ̀ kí ó dúró tì mí. Èmi ni mo lé e lọ. Mo ní kí ó wá ẹlòmíràn bá gbá, kí eré náà má baà ti ọwọ́ àwa méjèèjì bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sunkún, ó sì lọ.

Ọjọ́ kan ni wọ́n pè mí sórí fóònù. Ọ̀gá Ràímì ni. Ó ti lọ tò ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde láti pè mí. Kò kí mi kú ìrora.

Ó ní, “Ṣé ọwọ́ rẹ náà já?”

Mo ní, “Rárá, sà.”

“Ojú rẹ ńkọ́?”

“Ó ríran, sà.”

“Wá àga, kí o jókòó lé e. Ní kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù sí ọ. Má jẹ́ kí ó kan ilẹ̀.”

Fóònù já. Mo kọ́kọ́ bínú, lẹ́yìn náà mo ní kí wọ́n gbé àga wá. Àbúrò Sari obìnrin ló ń ju bọ́ọ̀lù sí mi nínú àgbàlá, èmi wà lórí àga, mo ń gbá a lófuurufú. Lápá ọ̀tún, lápá òsì, lókè orí, níwájú àyà. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Nígbà tí n kò lè sáré lé bọ́ọ̀lù mọ́, mo kọ́ láti mọ ibi tó ń lọ kí ó tó gbéra. Nígbà tí mo fi máa dìde lórí àga yẹn, ọwọ́ mi ti yá ju bó ti ṣe yá rí lọ. Ẹsẹ̀ mi ni kò tíì sáré.

Mo padà sórí pápá. Àwọn kan ṣàánú mi, àwọn kan rò pé orí mi dàrú. Sari sọ fún ẹni tí wọ́n jọ ń gbá pé ẹ̀gbọ́n òun ti dé. A ṣe ètò tuntun. Èmi ń dúró níwájú nẹ́ẹ̀tì, n kì í kúrò níbẹ̀. Òun ń sá gbogbo ẹ̀yìn. Ohun tó bá kọjá mi, tirẹ̀ ni. Ohun tí kò bá kọjá mi, ó ti parí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gun àkàbà lọ títí a fi tún dé ìpele tó kẹ́yìn, ní Jakarta, lórí pápá yẹn kan náà.

Obìnrin méjì láti Yúróòpù la kojú, wọ́n ga bí igi àgbọn. Wọ́n ti gbọ́ ìtàn ẹsẹ̀ mi. Gbogbo bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá gba orí mi kọjá, kí Sari lè máa sáré títí tí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ó sì rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ayò kù díẹ̀ kí ó parí, tí ohùn rẹfirí kò fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́ nítorí ariwo, Sari rìn wá bá mi, ó ń tiro. Iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ká jọ.

Ó ní, “Kakak, ẹsẹ̀ mi ti lọ.”

Mo ní, “Dúró síwájú. Èmi ń lọ sẹ́yìn.”

“Ẹsẹ̀ tìrẹ ńkọ́?”

“Tèmi ti já rí. Ó mọ ọ̀nà.”

Àwọn obìnrin náà rí wa bí a ṣe pàrọ̀ ààyè. Wọ́n tún gbá a gba orí, bọ́ọ̀lù náà ga, ó ń lọ sí ìlà ẹ̀yìn. Láti ọjọ́ tí iṣan yẹn ti já, n kò tíì yí ẹ̀yìn padà sáré rí. Mo yí i. Mo sáré. Mo ń retí ìró aṣọ tó fàya, n kò gbọ́ ọ. Mo bá bọ́ọ̀lù náà nígbà tó fẹ́ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, mo kọ ẹ̀yìn sí nẹ́ẹ̀tì, mo gbá a gba àárín ẹsẹ̀ mi méjèèjì. N kò rí ibi tó lọ. Ariwo ni mo fi mọ̀. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ẹfun ìlà apá tiwọn ń rú, àwọn igi àgbọn méjèèjì sì dúró, wọ́n ń wo ilẹ̀.

Bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e ni ìkẹyìn. Sari tó ń tiro gbá a lófuurufú bí mo ṣe máa ń gbá a, ó bọ́ sílẹ̀, kò fò dìde. A ti gba ife-ẹ̀yẹ. A ṣubú lu ara wa. Ìyá Sari wà lókè láàárín àwọn òǹwòran, ó fi ìbòrí rẹ̀ nu ojú, ó ń tọ́ka sí ẹsẹ̀ mi fún gbogbo ẹni tó jókòó tì í, bí ẹni pé òun ló bí i. Lóòótọ́, ó bí i.

Ìlú wa gbà mí tayọ̀tayọ̀ nígbà tí mo délé, ṣùgbọ́n ti Ọ̀gá Ràímì ni mo fẹ́ sọ. Ó ti darúgbó nígbà yẹn, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó ní kí n wá sí pápá. Ó ti gbọ́ nípa bọ́ọ̀lù tí mo gbá láàárín ẹsẹ̀, ó ní kí n ṣe é kí òun rí i. Mo ṣe é.

Ó ní, “N kò kọ́ ọ ní ìyẹn.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ wáyà, ó na ọwọ́ fún rákẹ́ẹ̀tì. “Kọ́ mi.”

Mo ti gba ife-ẹ̀yẹ púpọ̀. Kò sí èyí tó tó ọ̀rọ̀ yẹn.

Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan sí i, mo fi ìdíje sílẹ̀ nígbà tí ara ṣì gbé e, mo sì wá bá ọkọ mi, Akínyẹlé, tó ń wa bọ́ọ̀sì ní Barking. Àdúgbò Thames View níbẹ̀ ni a gbé tọ́ àwọn ọmọ wa. Mo gba ìwé ẹ̀rí kóòṣì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ní pápá gbangba kan lẹ́bàá Castle Green. Ilẹ̀ rẹ̀ ti sán, koríko ń yọ láàárín rẹ̀, nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì ti rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò mọ̀ ju fóònù lọ. Mo kọ́kọ́ kó ìgbálẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Àwọn òbí kan wá bá mi jà. Àwọn ọmọ tó dúró di eléré gidi. Ọmọ Yorùbá wà nínú wọn, ọmọ Bangladesh, ọmọ Romania. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti odò tó wà nítòsí kò jẹ́ kí bọ́ọ̀lù dúró sójú kan, mo sì kọ́ wọn láti máa wo ewé igi.

Ẹ mọ Tómi, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tí mò ń kọ́. Ìyá rẹ̀, Bùkọ́lá, wà lára àwọn tó dé láìpẹ́ yìí láti ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbà, ó sì mọ ohun tó fi sílẹ̀ nílé kó tó wá. Lọ́jọ́ kan ó dá mi dúró ní Heathway, lẹ́nu ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú irin. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó wá ní, “Mummy, mo respect yín gan-an. Ṣùgbọ́n tẹ́nìsì kọ́ la torí ẹ̀ wá sí UK. Ọmọ mi ní exam.” N kò bá a jiyàn. Ó ń rẹ̀ ẹ́, mo rí i lójú rẹ̀. Mo kàn bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá wo ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan péré kó tó gba rákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá. Ìdíje àwọn ọmọbìnrin ìlà-oòrùn London ni. Láti ibi iṣẹ́ ló ti wá tààrà, yúnífọ́ọ̀mù ìtọ́jú ló wà lọ́rùn rẹ̀, kò jókòó, ó di wáyà mú. Ọmọ tí Tómi bá gbá ní kóòṣì tirẹ̀ nìkan, ó ní báàgì tó tóbi ju òun alára lọ. Ó na Tómi ní sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, ìyẹn abala kìíní ayò náà. Nígbà tí wọ́n sinmi, Tómi wá bá mi, ó ní, “I'm not being funny, Mummy Tennis, apá mi ò ká a.” Mo ní kí ó wo igi tó wà lẹ́yìn ọmọ náà. Ó wò ó. Atẹ́gùn ń fẹ́ ewé rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Ó mi orí, ó padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ bọ́ọ̀lù nísàlẹ̀, ó ń jẹ́ kí atẹ́gùn pa á síwájú ọmọ náà gẹ́rẹ́. Ó gba sẹ́ẹ̀tì kejì. Ó gba ẹ̀kẹta, ayò di tirẹ̀.

Bùkọ́lá kò pariwo, kò jó. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí gbogbo èèyàn fi kí ọmọ rẹ̀ tán. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, “Mummy, ọjọ́ wo ni wọ́n tún ń ṣe practice?”

Ilé ìwé kan ti gba Tómi báyìí nítorí tẹ́nìsì rẹ̀, ó sì ń ka sáyẹ́ǹsì níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí èyí tó pa èkejì lára.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wá ọ̀nà ni pé kí ẹ má kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tó rọrùn. Ẹ wá iṣẹ́ tí ẹ lè gba ilẹ̀ gbígbá rẹ̀ mọ́ra. Ẹ wá ọ̀gá tó le, tó sì fẹ́ràn yín. Bí nǹkan bá já lára yín lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó kù.

Sari wá kí mi ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Irun rẹ̀ ti funfun, ó sì ti di ìyá àgbà. Mo mú un lọ sí pápá wa, àwọn ọmọ sì ní kí àwa arúgbó méjì wá bá àwọn gbá. Tómi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló jáde. Wọ́n rọra ń gbá bọ́ọ̀lù sí wa ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Sari na ìka méjì sẹ́yìn ìdí rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀wọ̀ fi parí. Wọ́n sáré, wọ́n làágùn, wọ́n bá ara wọn wí. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó ń kọjá dúró sídìí wáyà, Bùkọ́lá wà láàárín wọn, ó ń fi ọmọ ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. A nà wọ́n.

Mo jókòó lórí bẹ́ńṣì, mo ń mí. Tómi wá dúró síwájú mi, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní kí a tún un gbá. Mo ní kí ó ní sùúrù, àlejò mi ti dàgbà, ó yẹ kó sinmi. Ọmọ náà ń wo ẹ̀yìn mi. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí Sari lórí ìlà, bọ́ọ̀lù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń retí wa.